Bí Mo Ṣe Ta Ọ̀pá Ike Kọjá Ọ̀gbun Òkè Yà-méjì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá nítorí òórùn ẹran tí mo ń yan lórí iná yìí, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wúkọ́ tán báyìí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́tóyè, ẹni tí ẹfọ̀n rí tí ó rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Mo ti pa ẹkùn, mo ti pa ìmàdò, mo sì ti pa irọ́ díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò sí lára èyí tí mo pa. Ojú mi ló rí i. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, ẹsẹ̀ yìí kan náà ló sì gbé mi padà, ó sì yára nígbà tí ó ń gbé mi padà ju ìgbà tí ó ń gbé mi lọ.

Gbogbo yín mọ odò Awẹ́rẹ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè là á kọjá kí omi má kan ìdodo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀ lókè lọ́hùn-ún níbi tí ojú àwa ará ìsàlẹ̀ kò tó, omi sì wọ abúlé Etí-Awẹ́rẹ́ ní ọ̀sán gangan bí àna tí a kò retí. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó gbé lọ. Wúràọlá, ìyàwó Ọdẹ́dìran àbúrò mi, wà nínú wọn. Ó ti jáde nílé, ó ti gbé ọmọ méjèèjì jáde, ó wá padà sínú ilé lọ mú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. A kò rí i mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni a rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn tí iṣẹ́ omi wà lọ́wọ́ wọn gbé ẹ̀rọ kan lọ sórí Òkè Yà-méjì, nínú Igbó Agbóhùnlọ. Ẹ̀rọ awòjò ni wọ́n pè é, ojú ńlá kan tí ń yí kiri, tí ń rí òjò kí òjò tó rí ilẹ̀. Orí òkè ìhà àríwá ni wọ́n gbé ojú náà sí, nítorí ibẹ̀ ló ga jù. Àpótí tí ń bá a ṣe ìṣirò, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ará abúlé, wà lórí òkè ìhà gúúsù, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ọ̀gbun kan wà láàrin òkè méjèèjì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n bí o bá ju òkúta sínú rẹ̀, o lè bó iṣu, kí o sè é, kí o jẹ ẹ́ tán kí o tó gbọ́ ‘gbì’. Ojú rí òjò, àpótí mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ojú kò rí ọ̀nà bá àpótí sọ̀rọ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta kọjá ọ̀gbun, mànàmáná jó o lẹ́ẹ̀mẹta. Okùn dígí tí wọ́n tún ta, ó tín-ínrín ju irun orí lọ, bí eruku bá sì ti kan oríkèé rẹ̀ báyìí, ó di afọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n rán lọ tún un ṣe sáré padà wálé, ohùn kò sì jáde lẹ́nu wọn fún ọjọ́ méje. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn bẹ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n má kánjú wò ó sàn.

Ìgbà náà ni wọ́n wá rántí pé ọdẹ ń bẹ. Ẹni tí wọ́n rán sí mi ni ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, Morádéùn lorúkọ rẹ̀. Kò lè ju ọmọ mi kejì lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì tú ẹrù kan síwájú mi. Mo rò pé ẹ̀bùn ni, mo ti ń múra láti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbà á. Ọ̀pá ike funfun kan ni, ó nípọn tó ìka ọwọ́ ọmọdé, ó ká jọ bí òjòlá tí ó jẹun yó.

Mo ní, “Kí lèyí?”

Ó ní, “Bàbá, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà ni.”

“Ṣé inú ihò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò gbà?”

“Kò ní ihò, Bàbá. Inú ike náà gan-an ni yóò gbà.”

Mo wò ó lójú. Mo ti bá àǹjọ̀nú ṣe pàṣípààrọ̀ rí, mo mọ ojú òpùrọ́ bí mo ṣe mọ ojú ara mi. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní mànàmáná kò fẹ́ràn ike, kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń yà sọ́dọ̀ bàbà. Ó ní eruku oríkèé rẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan. Ó ní bí a bá kó gbogbo ìwé tó wà nílé ẹ̀kọ́ Etí-Awẹ́rẹ́ jọ, ọ̀pá yìí yóò gbé wọn kọjá kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò lè rìn jìnnà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, méjìlá, àárẹ̀ ti mú un.

Mo ní, “Ó jọ Baálẹ̀ wa.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò ńlá ò ní pẹ́ dé. Ó ní bí ojú kò bá bá àpótí sọ̀rọ̀ kí òjò ọ̀hún tó dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá yóò tún ṣẹlẹ̀. Mo wo ọ̀nà ilé àbúrò mi, mo sì dìde lọ mú ìbọn mi àti ọrun òun ọfà mi.

N kò ní sọ ohun tí a jẹ lọ́nà fún yín, nítorí kò dùn. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé inú Igbó Agbóhùnlọ. Igbó náà kì í jí ẹran, kì í jí ẹrù, ohùn ló ń jí. Mo ní, “Ẹnjiníà, wo ẹsẹ̀ rẹ,” ètè mi mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí a rìn síwájú díẹ̀ ni ohùn mi jáde lẹ́yìn igi àràbà kan, ó ń ní, “Wo ẹsẹ̀ rẹ, wo ẹsẹ̀ rẹ,” bí ẹni tí ń fi mí ṣẹ̀sín, ọmọbìnrin náà sì ti wà nínú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má lọ síbẹ̀. Èmi gan-an tí mo jẹ́ ẹni iyì tí kì í sọ ju bó ṣe yẹ lọ, ara mi kò gbà á.

Ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń yọ, a dé orí òkè ìhà àríwá, níbi tí igbó kò ti lè jí ohùn wa mọ́. Ẹ̀rọ awòjò wà níbẹ̀, ó ń yí kiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí ohun tí mo kọ́kọ́ pè ní àtẹ tí wọ́n sá sóòrùn. Àtẹ náà yíjú sí wa. Etí ni. Lábẹ́ etí náà ni ẹni tí ó ni ín jókòó sí, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dàbí gbòǹgbò ọ̀dán, ojú rẹ̀ kéré bí èso iṣin, ṣùgbọ́n etí ọ̀tún rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ilé. Etíbíàtẹ ni wọ́n ń pè é. Mo fa ìbọn sí èjìká.

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, mo ti ń gbọ́ bí àyà rẹ ṣe ń lù láti ìsàlẹ̀ òkè wá. Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀ kí ó má baà jábọ́ sí ọ lẹ́sẹ̀.”

Mo gbé e sílẹ̀. Ọgbọ́n ni, ẹ má pè é ní ẹ̀rù.

Ó ní, “Ẹni tó bá wá sórí òkè yìí ní láti dá mi lóhùn. Kí ni ń sáré tí kò ní ẹsẹ̀, tí ń ru ẹrù tí kò ní orí, tí o bá sì dì í mú, kò sí i mọ́?”

Mo ní, “Àna mi ọkùnrin, nígbà tí wọ́n bá ní kó wá roko.”

Etí náà mì díẹ̀. Ẹnjiníà fi ìgúnpá gún mi, ó sì dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Ohùn ni, Bàbá.”

 Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ní ojú kékeré bàbá náà. Ó ní òun àti Ajíkígbe ìyàwó òun ni àwọn jọ ń gbé orí òkè náà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó òun wà lóko tí òun wà nílé, àrá sán, ó la òkè sí méjì láàrin wọn. Èèwọ̀ sì ni fún irú wọn kí wọ́n kọjá níbi tí òkè ti là, ìbáà ṣe lókè, ìbáà ṣe nísàlẹ̀. Wọ́n wá ń pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkè dé òkè. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ kígbe ọ̀rọ̀ kan sí i. Láti ọjọ́ náà, igba ọdún ti kọjá, bàbá náà kò dá a lóhùn mọ́.

Mo ní, “Kí ló sọ, Bàbá?”

Ó ní, “Ó ní, ‘Mo fẹ́ ọkọ tuntun.’ Ọjọ́ kẹta péré. Ibùsùn mi kò tíì tutù.”

Kí n sọ òtítọ́ fún yín, ẹ̀rín pa mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, kò bò ó. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rín mi, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí omi há lọ́fun, á sì parí bí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn na ọwọ́, ó já ẹ̀rín náà lẹ́nu mi bí ẹni já èso, ó sì fi há ẹ̀yìn etí rẹ̀.

Ó ní, “Mo gba èyí ní ìdógò. Mo ti gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin yìí ń sọ fún ọ lọ́nà nípa ọ̀pá tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá ọ̀gbun. Ẹ jẹ́ kí ó gbé tèmi kọjá ná. Bí mo bá gbọ́ Ajíkígbe ketekete, ẹ̀rọ yín ní àyè níbí títí láé, n ó sì dá ẹ̀rín rẹ padà. Bí n kò bá gbọ́ ọ, n ó gba ohùn ẹ̀yin méjèèjì kún un, n ó máa fi wọ́n ṣe yẹtí.”

Ẹ kò lè mọ bí ó ṣe rí kí a gba ẹ̀rín lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹnjiníà yọ̀, ó ṣubú jókòó sínú agbada omi òjò tó wà lórí àpáta. Mo wò ó. Mo mọ̀ pé ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láyà mi. Ó dàbí ẹni tí ó fẹ́ sín tí kò rí i sín.

Mo so òwú mọ́ ìdí ọfà, mo fa ọrun, mo ta á kọjá ọ̀gbun. Ó gún igi ayín kan ní òdìkejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ta á. Ẹnjiníà so òwú mọ́ okùn, ó so okùn mọ́ ọ̀pá ike, ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó ki ẹnu ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó so ẹ̀rọ awòjò mọ́ ọn, ó sì fi ihò tí Etíbíàtẹ yóò máa sọ̀rọ̀ sí àti èyí tí yóò máa gbọ́ràn níbẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn náà a sọ̀kalẹ̀, a yí ẹsẹ̀ òkè po, a tún gun ti ìhà gúúsù. Oòrùn ti kọjá àtàrí kí a tó débẹ̀.

Bí a ṣe dé ìdí igi ayín, mo rí ihò àpáta kan níwájú wa. Mo ní kí a sinmi díẹ̀ lábẹ́ ibòòji rẹ̀. Ẹnjiníà ní, “Bàbá, ihò yẹn ní eyín.” Ajíkígbe ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìloro, ìyókù ara rẹ̀ kò sì ju ti ìyá arúgbó èyíkéyìí lọ, ó wé gèlè lé e lórí tónítóní.

Ó ní, “Òórùn ẹni tí n kì í dárúkọ rẹ̀ wà lára yín.” Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá lọ síbi ẹnu náà. Fìlà mi ló kọ́kọ́ wọlé, kò sì tíì jáde títí di òní. Mo di igi ayín mú, ẹnjiníà di ìgbànú mi mú, ẹsẹ̀ wa sì gbéra kúrò nílẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ẹ gbé wa mì bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá sọ ohun tí ọkọ yín wí fún yín?”

Afẹ́fẹ́ náà dúró. A bọ́ sílẹ̀ lórí ìdí.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ òun.”

Ìyá náà pa ẹnu dé. Mo rò pé ó fẹ́ tu itọ́ sí wa. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn lọ́jà, ó ní, “Èmi? Èmi tí mo kígbe sí i fún ogójì ọdún tí kò dáhùn? Èmi tí mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo sì ń mọ ìgbà tí òtútù mú un?” Ó jókòó lórí àpáta, ó ní, “Ẹ ta ohun tí ẹ fẹ́ ta. Mo fẹ́ gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu rẹ̀.”

A fa òwú, òwú fa okùn, okùn fa ọ̀pá ike kọjá. Ẹnjiníà ki ẹnu rẹ̀ bọ àpótí kejì, ó so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àpótí ìṣirò tó wà níbẹ̀, ó tẹ nǹkan. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni, “Wúrúwúrú, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, yán-yán-yán.”

Ajíkígbe ní, “Bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn.”

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i. Àwọn àmì kéékèèké ń yí po lójú rẹ̀ bí eṣinṣin lórí ọgbẹ́. Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú ike. Ẹṣin kan ló ń gbé e, ìró kan tó ń sáré tí etí ènìyàn kò lè gbọ́.” Mo ní àwọn àgbà ti sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ra ẹṣin mìíràn. Ó ní, “Kí a tó lè sọ ẹrù kúrò lórí ẹṣin tó ń sáré, ẹṣin mìíràn ní láti máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìhín, ẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ọgbọọgba ni wọ́n ṣe àpótí méjèèjì. Ṣùgbọ́n oòrùn wà lórí ti ọ̀hún, tiwa wà níbòòji. Èyí tó gbóná ń sáré lọ́tọ̀, èyí tó tutù ń sáré lọ́tọ̀. Mo ní ohun kan nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa tẹ̀lé ti ọ̀hún. Ó ń gbìyànjú, kò lè bá a.”

Ní gúúsù, òfúrufú ti ń dúdú bọ̀. Ó wò ó, mo wò ó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Kí n tó di ọdẹ, mo bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ nínú igbó. Láyé ìgbà náà kò sí ẹ̀rọ. A ó gbẹ́ kòtò, a ó gbé ìtì igi sórí rẹ̀, ẹnì kan á dúró lókè igi, ẹnì kan á wà nínú kòtò, ayùn gígùn kan ṣoṣo á wà láàrin wọn. Láṣebíkan, ẹnìkejì mi, ló máa ń wà lókè. Èmi ni mo máa ń wà nínú kòtò, ìyẹ̀fun igi á kún ojú mi débi pé n kò lè rí ọwọ́ ara mi. Fún oṣù mẹ́ta, ayùn ń há mọ́ wa lọ́wọ́, Láṣebíkan sì ń bú ìyá mi láti òkè wá.

Mo ní, “Ẹnjiníà, ṣé ohun tó wà nínú àpótí yìí, ṣé gbogbo ìgbà tí ti ọ̀hún bá ta ló ń ta?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí ó ṣe yẹ kó máa tẹ̀lé e nìyẹn.

Mo ní, “Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti wà nínú kòtò rí. Bí ayùn bá kan kókó igi, ó máa ta lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá sáré tẹ̀lé títa yẹn, ayùn á há. Bí ó bá lọ́ra jù, ayùn á há náà. Ohun tí mo wá kọ́ ni pé kí n má tẹ̀lé ọwọ́ Láṣebíkan, èémí rẹ̀ ni kí n máa tẹ̀lé. Ọwọ́ lè ta, èémí kì í ta.”

Ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀pá ike tó ń jó nínú afẹ́fẹ́ lókè ọ̀gbun. Ó ní, “Mo jẹ́ kó yá jù. Gbogbo ìgbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbọn ọ̀pá yìí ló ń sá tẹ̀lé.” Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí ó fi dín ìyára rẹ̀ kù. Àwọn eṣinṣin ojú kọ̀ǹpútà rọra fà, wọ́n yí díẹ̀ sí i, wọ́n sì kó ara wọn jọ sí ojú mẹ́rin, wọ́n dúró bí ẹsẹ̀ àga. Ohùn bàbá náà sì jáde bí ẹni tó jókòó láàrin wa.

Ó ní, “Ajíkígbe, ọkọ wo ni o fẹ́?”

 Ìyá náà súnmọ́ ihò náà, ó ní, “Ọkọ wo?”

“Ìwọ lo ní o fẹ́ ọkọ tuntun.”

“Ọkọ́ ni mo ní. Ọkọ́. Oko ni mo wà nígbà tí àrá sán, eèkù ọkọ́ mi kán. Mo ní kí o ju ọkọ́ tuntun sí mi kí n lè gbin nǹkan tí n ó máa jẹ.”

 Ọ̀gbun yẹn ni ó ti ń jẹ orí àti ìdí ohùn láti ọjọ́ yìí wá, tí ń mú kí èyí tó lọ sókè dọ́gba pẹ̀lú èyí tí kò lọ. Igba ọdún, nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo. Bàbá náà ní, “Ọkọ́?” Ìyá náà ní, “Ọkọ́, ìwọ ọkùnrin yìí. Kí ni n ó fi ọkọ mìíràn ṣe? Èyí tí mo ní kò tíì parí àtúnṣe òrùlé.” Bàbá náà ní òun ti parí òrùlé náà. Ó ní ọdún kẹta ni òun parí rẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà gidi, lórí òrùlé, lórí ìyá ẹnì kan, lórí ewúrẹ́ kan tó ti kú kí baba ńlá mi tó dáyé, ohùn àwọn méjèèjì sì dùn débi pé mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Àrá sán. Ẹnjiníà pè mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ awòjò ti ń gba inú ọ̀pá náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà wọn. Mo ní kí n bẹ àwọn àgbà náà kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò pọndandan, ọ̀nà náà fẹ̀, ìjà wọn dàbí èèrà lẹ́yìn erin. Lójú kọ̀ǹpútà, òjò kan bí ẹ̀dọ̀ màlúù ti bo gbogbo orísun odò Awẹ́rẹ́. Ó ní, “Wákàtí mẹ́ta, Bàbá. Bóyá kò tó bẹ́ẹ̀.” Bí ó ṣe ń sọ ọ́, mànàmáná bọ́ sínú ọ̀gbun, gbogbo ayé funfun, mo dojúbolẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀pá ike náà ń jó nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọn kò pè lórúkọ, Ajíkígbe sì ń bá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ.

Ẹnjiníà kò dúró kí àpótí ìṣirò ránṣẹ́, ó pe Baálẹ̀ Oyèkúnlé lórí fóònù. Ó kí i tán, ó ní omi ń bọ̀, kí gbogbo abúlé gun òkè ilé ẹ̀kọ́.

Baálẹ̀ ní, “Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ pè mí lóṣù tó kọjá pé mo jẹ ẹ̀bùn mọ́tò? Ẹ kò rí mi mú lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò ní rí mi mú lónìí. Oòrùn ń ràn níbí.”

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Oyèkúnlé, èmi Ọdẹ́yalé ni. Dìde lórí àga.”

Ó ní, “Irọ́ ni. Ọdẹ́yalé kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ẹ̀rín sí i. Ìwọ olè yìí, o kò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ẹ wo ọ̀ràn. Mo bú u. Mo ní orí rẹ̀ dàbí ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé ẹyin mì, mo ní ìdí rẹ̀ ti ta gbòǹgbò sórí àga oyè débi pé bí omi bá dé, àga náà ni yóò kọ́kọ́ sá. Mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe ń kùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbéra. N kò rí ẹ̀rín rín. Mo rí ọ̀nà ilé Ọdẹ́dìran lọ́kàn mi. Mo sáré lọ síbi ihò àpótí, mo ti ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, “Bàbá, ẹ ti gbọ́ ọ ketekete. Ẹ dá ìdógò mi padà, ẹ jọ̀ọ́, ìlú kan fẹ́ kú.”

 Lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan tó ń bọ̀ nínú ike náà, bí ẹni tí omi há lọ́fun. Ó jáde nínú àpótí, ó fò wọ àyà mi, ó bá gbogbo ẹ̀rín tó yẹ kí n ti rín láti àárọ̀ níbẹ̀, títí kan ti ẹnjiníà nínú agbada omi. Mo bú sẹ́rìn-ín sínú fóònù Baálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dàbí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, omi ń jáde lójú mi. Láàrin rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lọ́hùn-ún, ó ń sọ fún wọn pé, “Ẹ̀rín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ẹlòmíì tó ń rín in láyé. Ẹ gbé àwọn ọmọ.” Ariwo sì sọ.

Omi dé kí oòrùn tó wọ̀. Láti orí òkè ni a ti ń gbọ́ ọ. Ẹnjiníà jókòó ti àpótí rẹ̀, kò jẹun, ó ń wo àmì mẹ́rin náà títí òjò fi dá.

Ọjọ́ kẹta ni mo sọ̀kalẹ̀ dé òkè ilé ẹ̀kọ́ Etí-Awẹ́rẹ́. Ilé mẹ́tàdínlógún ni omi wó. Wọ́n ti pe orúkọ gbogbo ènìyàn láti agbolé dé agbolé, gbogbo wọn sì ti jẹ́. Ọdẹ́dìran dúró pẹ̀lú ọmọ kan lọ́wọ́ kan, ọmọ kan lọ́rùn. Baálẹ̀ jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, aṣọ rẹ̀ tutù, ó pa ojú dé bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́.

Ó ní, “Ọdẹ́yalé, o bú mi lójú gbogbo ìlú.”

Mo ní, “Mo bú yín, Baálẹ̀.”

“O sì fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Mo rẹ́rìn-ín.”

“Omi ti gbé gbogbo ebè mi lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wàá fi kọ òmíràn fún mi.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí mi lóko rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ní gbogbo àárọ̀, ó máa ń gbé àga wá sábẹ́ igi, á máa sọ pé ebè mi wọ́. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, ti àwọn ọmọ tó ń jà sí máńgòrò, mo sì ń kọ ebè lọ. Ebè náà wọ́ lóòótọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá gba ìtàn yìí gbọ́, kí ó bá mi dé oko lọ́la, kí ó bi Baálẹ̀ fúnra rẹ̀.